Kí Wọ́n Fi Ìtàn GTA Sílẹ̀ Lórí Sídìì

Láti Kétu dé Mile 12 l'Ékòó, ó ṣòro kí ẹ rí ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí kò mọ CJ. Carl Johnson lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun ni olórí ìtàn inú Grand Theft Auto: San Andreas tí ilé iṣẹ́ Rockstar gbé jáde fún PlayStation 2 ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Kò sí géèmù PS2 mìíràn tó tà tó o. Ó lé ní mílíọ̀nù 17 ẹ̀dà, ká má tíì ka àwọn àdàkọ tó gba ọjà Alábà wọ àdúgbò wa, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà rí. Géèmù tí ẹnì kan ń dá gbá ni: ẹ̀ ń tẹ̀lé ìtàn, ẹ̀ ń ṣe míṣọ̀n kan tẹ̀lé òmíràn, ìtàn náà á sì parí. Ní báyìí tí gbogbo ayé ń retí GTA VI, tí wọ́n sì ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àríyànjiyàn kan ti ń lọ láàárín àwa tí a ń fi géèmù jẹun, yálà à ń tà á ni o, à ń tún un ṣe ni o, tàbí à ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbá a: ṣé kí ọ̀wọ́ géèmù yìí kúkú kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí gbogbo ayé máa pàdé níbẹ̀? Èmi ò fara mọ́ ọn. Mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iná àti dátà nìkan gbe ẹjọ́ mi lẹ́sẹ̀, torí bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ẹjọ́ wa, ọjọ́ tí iná bá dúró ní Kósòfẹ́ ni ẹnu wa máa wọhò. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tó ra géèmù orí sídìì ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹni tó ra géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kàn ń yá a lò ni, títí di ọjọ́ tó bá wu olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsí tàbí Àlàpẹ́rẹ̀ kì í sábà ju yàrá kan lọ: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì onígi, fáànù tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ẹ̀rọ ju ènìyàn lọ, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn ilé. Géèmù bọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé kíákíá, torí ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ẹni tó bá borí á sì jókòó de ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n San Andreas ló ń mú kí oníbàárà padà wá lọ́la. Ẹni tó sanwó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò lè parí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ló ṣe ń ra mẹ́mórì káàdì tirẹ̀, èyí tí àyè inú rẹ̀ kò ju 8 MB lọ, tó ń fi í sápò ṣòkòtò, tó sì ń gbé e láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ìkòsí tó sì wà ní Agílítí, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn débẹ̀, CJ á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí lánàá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Rockstar ní Amẹ́ríkà, kò sì sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.  

Kóòdù tún wà níbẹ̀. Inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń dà á kọ sí, ẹ̀yìn ìwé ìṣirò lọ́pọ̀ ìgbà: R1, R2, L1, X, lẹ́yìn náà òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, kí ẹ tún tẹ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójú ẹsẹ̀, ara CJ á yá, ẹ̀wù ayẹta á dé ọrùn rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 dọ́là á sì wọ àpò rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn ló fi kóòdù yẹn sínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìrọ̀rùn gbá ohun tó fowó rà, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ wá wo GTA V, tó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Kóòdù pọ̀ ní apá ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòdù owó ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, wọ́n ṣí GTA Online. Kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa rárá. Ọ̀pọ̀ ò rí ọ̀nà wọlé, ohun tí àwọn mìíràn ti kó jọ pòórá, tó fi di pé Rockstar fún àwọn oníbàárà ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là owó inú géèmù láti fi pẹ̀tù sí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ọjà náà yára gbéra, torí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n máa tà níbẹ̀. Owó tí CJ ń fi kóòdù gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ti di káàdì tí wọ́n ń pè ní Shark Card, owó gidi sì lẹ máa fi rà á. Bẹ́ ò bá rà á, ẹ máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lè ra mọ́tò kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n tún gbé GTA+ dé, èyí tí àwọn tó bá fẹ́ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Mi ò sọ pé olè ni wọ́n, torí ẹni tó ń tajà á máa wá èrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ibi tí èrè ti ń wá bá ti yí padà, ohun tí wọ́n ń ṣe náà á yí padà, kódà bí wọn ò bá sọ ọ́ síta.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí GTA IV jáde ní 2008, ìtàn àfikún méjì ló tẹ̀ lé e ní 2009, The Lost and Damned àti The Ballad of Gay Tony, ìtàn gidi tó ní orí tó ní ìdí. Fún GTA V, Rockstar sọ ní ìparí 2013 pé àfikún fún apá ìtàn ń bọ̀ ní 2014. Títí di òní olónìí, kò dé. Ọkọ̀ tuntun, ilé tuntun, ìbọn tuntun ló ń ya wọ apá orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n fi ń jáde: GTA III ní 2001, Vice City ní 2002, San Andreas ní 2004, GTA IV ní 2008, GTA V ní 2013. Láti 2013, ìran PS3 kọjá, ti PS4 kọjá, tí PS5 wá di ẹ̀rọ àgbà, GTA VI ò dé. Ẹni tó fẹ́ já mi nírọ́ á sọ pé géèmù òde òní tóbi ju ti àtijọ́ lọ, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbà. Òótọ́ ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Á tún sọ pé owó GTA Online wúlò fún Red Dead Redemption 2, géèmù Rockstar mìíràn tó jáde ní 2018, tí ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó dára jù láyé. Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn tó dára tó bẹ́ẹ̀, àfikún kankan ò tẹ̀ lé òun náà. Red Dead Online ni wọ́n so mọ́ ọn. Nígbà tí kò wá pawó bíi ti GTA, wọ́n kéde ní oṣù keje ọdún 2022 pé àwọn ò ní gbé ohun ńlá kankan wá síbẹ̀ mọ́. Ìtàn ò rí àfikún, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ò sì rí ìtọ́jú.

Ibi tí ẹjọ́ mi ti lágbára jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2021, Rockstar pa GTA Online fún PS3 àti Xbox 360. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ kó ilé àti mọ́tò jọ níbẹ̀ kò ní nǹkan kan mọ́, Shark Card tó fowó rà sì ti wọmi. Ṣùgbọ́n sídìì GTA V ti PS3 yẹn ò kú: ẹ ki í bọ ẹ̀rọ lónìí, Michael, Franklin àti Trevor, àwọn olórí ìtàn inú rẹ̀, á dìde, ìtàn wọn á sì lọ dé òpin. Inú sídìì kan ṣoṣo ni apá méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó nílò sáfà, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń gbé géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, ti kú, èyí tí kò nílò rẹ̀ sì wà láàyè. The Crew kò tilẹ̀ ní irú apá bẹ́ẹ̀. Géèmù eré mọ́tò tí Ubisoft gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2014 ni, kò sì lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè dá gbá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sáfà rẹ̀, sídìì ẹni tó rà á sì di ohun tí a lè gbé ife tíì lé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìjà tí olólùfẹ́ géèmù kan, Ross Scott, pè ní Stop Killing Games, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn bọwọ́ lù ní Yúróòpù nígbà tó fi di 2025. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025 ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ sọ fún oníbàárà pé ìyọ̀ǹda ló ń rà, kì í ṣe ohun ìní.

Fún wa níbí, ohun ìní yẹn ni òwò náà dúró lé. Sídìì PS4 kan lè gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún: ẹni tó rà á tuntun ní Computer Village, ẹni tó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó gbà á ní tòkunbọ̀, ẹni tó yá a ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tó rà á kẹ́yìn. Owó díẹ̀ ń kù sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Géèmù tó bá lẹ̀ mọ́ àkáǹtì kò ṣeé pààrọ̀, kò sì ṣeé yáni. Àkáǹtì ọ̀hún pàápàá, ta ló ní in? Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí ènìyàn lè yàn bó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì PlayStation Network. Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wa ń pe ara wa níbẹ̀, tí a sì ń ra káàdì ìsanwó wọn lọ́wọ́ alárobọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí Sony fẹ́ fi dandan so Helldivers 2 orí kọ̀ǹpútà mọ́ irú àkáǹtì yìí, ó lé ní 170 orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Sony padà lẹ́yìn dandan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò sí nínú ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ iná àti dátà tí mo ní mi ò ní gbára lé, mi ò lè fo ó kọjá pátápátá. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó 200 náírà lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, láìtíì fi owó dátà lé e, èyí tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ báǹkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dákú, ìtàn orí sídìì ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí PlayStation Network fúnra rẹ̀ dákú ní oṣù kejì ọdún 2025, tó fi nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko dùbúlẹ̀ kárí ayé. Àwọn tó wà ní London, tí iná wọn kì í ṣẹ́jú, jókòó ti páàdì wọn bíi tiwa.

Àwọn tó ń ta kò wá máa ń sọ pé ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ inú ọjà Mile 12, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ tòmátì, bí wọ́n bá sinmi lábẹ́ ṣéèdì, Call of Duty Mobile tàbí Free Fire ló wà lójú fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbádùn ara wọn. Mi ò jiyàn. Àwọn géèmù wọ̀nyẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí wọn sí, ọ̀fẹ́ sì ni ènìyàn ń wọlé. Eré ìjà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n, kò sí ìtàn tó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Èmi ò lòdì sí kí ènìyàn pàdé ènìyàn. Kódà, àwọn olólùfẹ́ San Andreas kò dúró de Rockstar: wọ́n ṣe SA-MP fúnra wọn fún kọ̀ǹpútà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì pàdé níbẹ̀, síbẹ̀ ìtàn CJ wà níbi tó wà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n wó ilé tó ti dúró nítorí kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́ ọjà sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ni Pro Evolution Soccer (PES). Konami gbé e kúrò ní géèmù tí ẹni méjì ń jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn gbá, wọ́n sọ ọ́ di eFootball, ọ̀fẹ́, tó gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré ló bá dé. Ojú àti ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lọ́ bí ẹni tí wárápá mú, àwọn tó ń dá géèmù lẹ́jọ́ sì bú u débi tí Konami fi tọrọ àforíjì. Wọ́n ti tún un ṣe púpọ̀ láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti kọjá sọ́dọ̀ FIFA, àwọn tí kò sì lè rà á dúró ti PES àtijọ́ lórí PS2 àti PS3 wọn.

Àtakò tó ta mí jù ni ti àdàkọ. Wọ́n ní, kí lẹ ń sọ nípa ohun ìní, nígbà tó jẹ́ pé PS2 tí wọ́n fi ṣíìpù sí ló kún àdúgbò yín, tí sídìì tí ẹ̀ ń lò kò sì fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí Rockstar? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: òótọ́ ni, kò sì bójú mu. Olówó géèmù lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí PS4 dé. Àdàkọ ò rọrùn lórí rẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra sídìì gidi, tuntun tàbí tòkunbọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ìtàn lọ sórí sáfà. GTA V fúnra rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti kọjá igba mílíọ̀nù ẹ̀dà. Ẹ̀rọ tó dára àti iye tó ṣeé san ló ń dín àdàkọ kù. Ẹni tí kò lówó San Andreas ní 2005 kò ní di olówó nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, eré ọ̀fẹ́ ló máa lọ bá.

Tó bá sì jẹ́ èrè ni wọ́n ń wá, ojú àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ ti rí nǹkan. Rocksteady, tó fi ìtàn Batman gba orúkọ, gbé Suicide Squad jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 bí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, Warner, ilé iṣẹ́ tó ni Rocksteady, sì pàdánù igba mílíọ̀nù dọ́là lórí rẹ̀. Sony ṣí Concord ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti pa iṣẹ́ The Last of Us orí íntánẹ́ẹ̀tì tì. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Bloomberg ròyìn pé wọ́n ti fagi lé ti God of War náà. God of War Ragnarök ńkọ́, ìtàn tí ẹnì kan ń dá gbá? Mílíọ̀nù 11 ló tà láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ṣàṣeyọrí náà wà, kí n má purọ́: Final Fantasy XIV àti The Elder Scrolls Online ṣì ń pawó. Ti Final Fantasy, wọ́n ò pa ìtàn ẹnì kan tì nítorí rẹ̀, torí XVI jáde ní 2023, ẹnì kan ló sì ń dá gbá a. Ti Elder Scrolls, Skyrim jáde ní 2011, àwọn olólùfẹ́ sì ṣì ń dúró de ẹ̀kẹfà. Tí wọ́n bá mú ọgbọ́n ti Final Fantasy lò fún GTA, a ò ní bá wọn jà.

Ó tún kan àwa tí a fẹ́ máa ṣe tiwa. Kiro'o Games ti Yaoundé ní Cameroon gbé Aurion jáde ní 2016, ìtàn ọba àti ayaba ilẹ̀ Áfíríkà, tí ẹ lè gbà sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ sì gbá láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilé iṣẹ́ kékeré lè ru irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan. Sáfà kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀: oṣooṣù ni wọ́n ń san owó rẹ̀ bí owó ilé, ní dọ́là, bóyá ẹnikẹ́ni ń gbá géèmù yín tàbí kò gbá a. Bí aráyé bá gbà pé géèmù tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti àtijọ́, irú Aurion ló kọ́kọ́ máa kú, Rockstar kọ́.

Ohun tí ó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ wọn fún GTA VI kò ju agbára wọn lọ. Red Dead Redemption 2 ti PS4 lé ní 100 GB, sídìì méjì ni wọ́n sì kó o sí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìtàn ńlá ò ṣeé kó sí sídìì. Kí ìtàn náà pé sínú rẹ̀, kó ṣí láìbéèrè àkáǹtì. Apá orí íntánẹ́ẹ̀tì lè ní orúkọ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, àti ìlérí tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọdún báyìí ni sáfà máa fi ṣiṣẹ́ ó kéré tán. Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sáré ra PS5 tí kò ní ojú sídìì nítorí pé ó dínwó. Tí GTA VI bá dé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ, kó tan ẹ̀rọ, kó wo bóyá míṣọ̀n àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó kó owó sílẹ̀ fún ẹ̀dà kejì.